Ohùn Tí A Tì Mọ́ Inú Fíláàṣì

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìdó. Èmi ní tèmi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré kan ní Ọyẹ́, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìkọlé. Mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé, mo ń bá àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn onímọ́sáláṣí tẹ ìwé ìpè, bí iná bá sì lọ, mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀ kan tó ń pariwo ju ẹ̀rọ ìlọta lọ. Ìgbà yẹn ni fíláàṣì tí a fi ń kó fáìlì láti kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó bá ní in máa ń fi okùn gbé e kọ́rùn, wọ́n á jẹ́ kí ó hàn lórí aṣọ, kí ayé lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yé àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbé tirẹ̀ kọ́rùn, ṣùgbọ́n inú aṣọ ni tirẹ̀ máa ń wà.

Ó ní ìdí tó fi ń fi í pamọ́. Ó ti padà sí ilé ìwé lẹ́yìn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ní kí ó ṣe ìwádìí lórí ohun kan kí ó tó jáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ibà, wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn obìnrin tí ọmọ ti kú mọ́ lọ́wọ́ lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi pé, "Bí ọmọ jòjòló bá kú, kí ni wọ́n máa ń sọ fún ìyá rẹ̀? Wọ́n á ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ó parí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ bi agbè bóyá ó ti sán níbì kan. Èmi fẹ́ bi í."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló bá a ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré kan tí kò ju ìka lọ. Bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á wọ takisí tàbí ọ̀kadà, á lọ sí Ìpáò, á lọ sí Ayégbajú, á lọ sí àwọn abà tó wà lẹ́yìn Ìkọlé. Á jókòó ti obìnrin kan nínú yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á sì sọ ohun kan náà fún gbogbo wọn kí ó tó tẹ bọ́tìnì: "Ohun tẹ́ ẹ bá sọ síbí yìí, èmi pẹ̀lú Ọlọ́run ló gbọ́ ọ." Ohun tó ń mú wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ti di ìyá àgbà sọ ohun tí wọn ò sọ fún ọkọ wọn rí. Bí ó bá délé, á da ohùn wọn sórí fíláàṣì, á nu ti inú ẹ̀rọ kúrò, á sì gbé fíláàṣì náà kọ́rùn padà sábẹ́ aṣọ.

Okùn rẹ̀ ló já. Ó ń ti Ìkọlé bọ̀, wọ́n há a mọ́ ẹ̀yìn takisí láàrin àwọn èrò mìíràn, ìgbà tó sì bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìfàkì, okùn ló kù lọ́rùn rẹ̀. Ó wá ọkọ̀ náà títí, kò rí i.

Ọkùnrin tó rí fíláàṣì náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan kí wọ́n lè bá òun wo ẹni tó ni ín. Wọ́n ṣí i. Ohùn ló wà níbẹ̀, ni wọ́n bá tẹ ohùn, wọ́n ní bóyá àwọn á gbọ́ orúkọ ẹnìkan. Àwọn èèyàn tó ń dúró de ìwé wọn wà ní ìjókòó, wọ́n ń gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn dá ohùn obìnrin kan láti Ìpáò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìwé kan tí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ọkùnrin náà sì gbé e wá bá a ní Ìdó tẹ̀rín-tẹ̀rín. Oore ló ṣe. N kò lè sọ pé kì í ṣe oore.

Ohun tí obìnrin Ìpáò sọ ni pé òun ti bí ọmọ kan kí òun tó mọ ọkọ òun, pé ọmọ náà kú, pé ọkọ òun kò gbọ́ ọ rí. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìpáò kí fíláàṣì tó dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo wà ní Ìdó lọ́jọ́ tí obìnrin náà wá. Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń lọ sílé ìyá rẹ̀. Kò pariwo, kò ṣépè. A gbé omi fún un, kò mu ún. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi títí, ó wá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ní ẹ̀yin pẹ̀lú Ọlọ́run."

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. Obìnrin náà kéré sí i lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ fún un. Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ rù, ó jáde lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ti fíláàṣì pa ti di ọ̀rọ̀ àárọ̀ àti ọ̀sán láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ì bá dá gbogbo iṣẹ́ náà dúró, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ti sọ tiwọn ńkọ́? Ṣé kí òun nu ohùn wọn dànù ni, bíi pé wọn ò sọ̀rọ̀ rí? Ó ní kí n wá ọ̀nà tí ẹni tó bá rí fíláàṣì náà lójú títì kò fi ní gbọ́ ohunkóhun, ì báà jẹ́ ènìyàn rere, ì báà jẹ́ ènìyàn búburú.

Ó ra fíláàṣì tuntun ní Adó. Èyí ní ètò kan nínú tó sọ pé òun lè ti ara òun. A kọ páásíwọ̀dù sí i, ó ní òun ti tì í, inú wa dùn. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Mo gbé e sí kọ̀ǹpútà mìíràn nínú ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí kọ̀ǹpútà náà fi gbogbo fáìlì tó fara pamọ́ hàn mí, ni gbogbo ohùn àwọn obìnrin náà bá tò sílẹ̀ gbọọrọ. Kò ti nǹkan kan. Aṣọ ìkélé ló ta síbẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

Mo tún gbìyànjú láti di àwọn fáìlì náà pọ̀ bí ẹni di ẹrù, kí n fi páásíwọ̀dù sí ẹnu ẹrù náà. Ìyẹn dára díẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ní láti máa gbọ́ ohùn náà kí ó lè kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbàkígbà tó bá sì fẹ́ gbọ́, ó gbọ́dọ̀ tú ẹrù náà sórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí a bá ti tú síbẹ̀, bí a tilẹ̀ nù ún, òjìji rẹ̀ á ṣì wà. Èmi fúnra mi ti bá àwọn oníbàárà hú ìwé tí wọ́n ti nù dànù jáde rí. Mo sọ èyí fún un, ó mi orí.

Ó ní, "Wá òmíràn."

Ìkọlé ni mo ti rí òmíràn, ní ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan tí mo máa ń lọ bí mo bá fẹ́ gba ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi í tọrẹ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa ń kan àpótí kan sínú fíláàṣì. Bí o bá fi páásíwọ̀dù tó tọ́ sí i, àpótí náà á ṣí, wàá gbọ́ ohùn láti inú rẹ̀ láì kó o jáde síbì kankan. Bí o bá pa á dé, ohun tí ẹlòmíràn á rí níbẹ̀ kì í ṣe ohùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀, rúdurùdu lásán ni, bí iyanrìn.

Mo ka ìkìlọ̀ tó wà lára rẹ̀, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Àǹtí mi, wọ́n ní bí ẹ bá gbàgbé páásíwọ̀dù, àwọn tó ṣe é gan-an kò lè ràn yín lọ́wọ́. Wọ́n ní kò sí ọ̀nà ẹ̀yìn."

Ó ní, "Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́. Bí ọ̀nà ẹ̀yìn bá wà, ẹnìkan á gba ibẹ̀ wọlé."

"Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kò tó. Wọ́n ní kí ó jẹ́ gbólóhùn gígùn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè méfò."

"Mo ní gbólóhùn tó gùn."

Mo wá sọ ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó wà ní ipò mi sọ. Mo ní kí ó jẹ́ ká kọ gbólóhùn náà sínú ìwé, ká dì í, ká lẹ̀ ẹ́ pa, ká gbé e fún ìyá wa kí wọ́n fi í sínú àpótí aṣọ wọn. Ojú rẹ̀ yí padà.

Ó ní, "Ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Ṣé o ò rí obìnrin yẹn lọ́jọ́ tó wá ni? Orí mi ni yóò wà."

N kò bá a jiyàn. Kò sẹ́ni tó máa ń bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ orí. Láti kékeré ni a ti mọ ẹ̀gbọ́n mi sí ẹni tí kì í gbàgbé. Bàbá wa ni ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Bí àwọn ará mọ́sáláṣí náà bá fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọmọ ta ni lórúkọ, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa ń pè. Orí rẹ̀ ni gbogbo ilé fi ń ṣe ìwé. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó wò mí, mo sì yí ojú mi sí ojú títì. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Mo rí obìnrin kan tó ń ru igi kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó ní kí n yíjú padà, àpótí náà ti wà.

A kò ṣe é ní ìdajì. Ó ra fíláàṣì kejì, a kan irú àpótí náà síbẹ̀, gbólóhùn kan náà ló ń ṣí i, ó sì fi ìyẹn sínú yàrá rẹ̀ ní Ìdó. A ro ti olè. A ro ti òjò àti iná. A ro ti fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ fáìlì. Ọkàn wa balẹ̀ bí ọkàn ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ tó dára, nítorí ó dára lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló lọ sọ́dọ̀ ìyá kan ní Ayégbajú. Alhaja ni gbogbo ènìyàn ń pè é bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dé Mẹ́kà rí. Obì ló ń tà, àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi orúkọ náà ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́. Ó ti sin ọ̀pọ̀ ọmọ kí ó tó bí ọmọbìnrin kan tó dúró, ọmọ náà sì ti dàgbà, ó wà lọ́dọ̀ ọkọ ní Ìbàdàn. Bátìrì tán nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù, mo ra bátìrì, mo gun ọ̀kadà láti Ọyẹ́, mo gbé e lọ fún un. Bí mo ṣe bá wọn níbẹ̀ nìyẹn, tí mo sì gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ wọn.

Ìyá náà ń bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ṣé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní Ìpáò, ẹ̀rọ yìí náà ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Òun náà ni, Màmá. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n mo ti tì í nísinsìnyí. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i kò lè gbọ́ ọ."

"Ẹnikẹ́ni?"

"Ẹnikẹ́ni, Màmá."

Ìyá náà rò ó wò. Ó ní, "Ó dáa. Tì í dáadáa. N kò fẹ́ kí ará ulé mi gbọ́ ọ nígbà tí mo wà láyé. Wọ́n á máa fi ojú àánú wò mí, n kò sì fẹ́ ojú àánú. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, kí o ṣí i fún ọmọ mi. Ó yẹ kí ó mọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wá."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo gbọ́, Màmá. Màá ṣí i fún un."

Ìyá náà bá bojú wo ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé ò ń gbọ́ mi?" Ni ó bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tó wá ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi di ikọ́. Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ó fún wa ní obì kí a tó máa lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ kan tí ojúmọ́ mọ́ bí gbogbo ojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣan ìrẹsì nínú abọ́. Ọkọ rẹ̀ ní òun kàn rí i tó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni, abọ́ sì bọ́ lulẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Nígbà tí mo fi dé Ìdó, ó ti wà lórí ibùsùn, ẹnu rẹ̀ ti yà sápá kan. Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn ká, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kò padà bọ̀ bí a ṣe fẹ́. Á fẹ́ ní kí a ti ilẹ̀kùn, á ní "ṣíbí." Á mọ̀ pé òun ṣì í sọ, á fi ọwọ́ òsì lu itan, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ilé fi orí rẹ̀ ṣe ìwé.

Kò sẹ́ni tó ronú kan fíláàṣì nígbà náà. Èmi gan-an kò ronú kàn án. Ta ni yóò ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbi tí a ti ń kọ́ àgbàlagbà bí a ṣe ń gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu?

Ìyá Ayégbajú kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń sin Mùsùlùmí ni wọ́n ṣe sin ín, oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n ti parí. Ọmọ rẹ̀ gbéra láti Ìbàdàn lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n pè é, ọkọ̀ tó wọ̀ bà jẹ́ lọ́nà, ìgbà tó fi dé, erùpẹ̀ tútù ló bá. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó béèrè ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó wá. Obìnrin tó ga ni, ó wé gèlè dúdú kékeré.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, wọ́n ní ẹ̀yin ni àbúrò Nọ́ọ̀sì tó gba ohùn màmá mi sílẹ̀."

Mo ní èmi ni. Mo kí i kú àfẹ́kù, mo kí i kú ará fẹ́ra kù.

Ó ní, "N kò bá ojú wọn. Fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n yà rí, èyí tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ni, ojú wọn kò sì hàn dáadáa níbẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nígbà ọdún tó kọjá pé bí ọjọ́ bá dé, kí n lọ bá Nọ́ọ̀sì, pé ohùn àwọn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. N kò wá ohun mìíràn wá. Kí n ṣáà gbọ́ ohùn wọn."

N kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ lọ sí Ìdó, inú ọkọ̀ ni mo ti ń ṣàlàyé fún un díẹ̀díẹ̀.  Ó jọ pé kò gbà gbọ́. Ta ni yóò gbà pé ohun tó kéré tó ìka, tí a lè fi eyín fọ́, kò ṣeé ṣí?

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mọ ẹni tó jẹ́, ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀. Ó nawọ́ sí yàrá. Mo lọ gbé fíláàṣì tó wà níbẹ̀ wá, mo gbé kọ̀ǹpútà àgbélétan rẹ̀ sórí tábìlì, àpótí náà yọ, ó béèrè páásíwọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ ọn. Ó gbé ìka òsì sókè, ó tẹ lẹ́tà kan, ó dúró. Ó tẹ òmíràn. Ó pa á rẹ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ ibi tí gbólóhùn náà wà, bí ènìyàn ṣe máa ń mọ̀ pé ẹnìkan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jáde sí i.

Mo ràn án lọ́wọ́ bí mo ṣe mọ̀. Mo pe àdúrà tí bàbá wa máa ń ṣe láàárọ̀. Mo pe òwe ìyá wa. Mo pe ọ̀rọ̀ tí a máa ń fi ṣeré nígbà tí a wà lọ́mọdé. Bí mo bá pe òmíràn, ojú rẹ̀ á tàn, á ní "ẹn, ẹn," a ó tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà á ní kò tọ́. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà náà tàbí kò fi sí i, bóyá ó kọ ọ́ pọ̀ tàbí ó fi àlàfo sí i. Ojú títì ni mo ń wò lọ́jọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́. Mo rántí obìnrin tó ru igi kọjá dáadáa, mo rántí àwọ̀ aṣọ rẹ̀. Ìyẹn ni mo rí mú bọ̀.

Ọmọ ìyá náà kò jáwọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó mú fíláàṣì kejì lọ sí Ìbàdàn, ó gbé e fún ọkùnrin kan tí wọ́n ní kò sí ohun tí kò lè ṣí. Ó pè mí lórí fóònù lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ó ní, "Ọkùnrin náà ní ẹni tó tì í mọ ohun tó ń ṣe."

 Ìyìn ni. Bí ẹnìkan bá sọ ọ́ fún mi lọ́dún tí obìnrin Ìpáò gbé ẹrù rẹ̀ jáde, inú mi ì bá dùn kọjá ààlà. Gbogbo ohun tí a fi ọgbọ́n orí wa ṣe nígbà náà ni a ṣe nítorí ẹni tí kò yẹ kó gbọ́. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ kò sí lára ohun tí a rò. Ìyá Ayégbajú ló rò ó, ó sì sọ ọ́ lójú wa méjèèjì pé kí a ṣí i fún ọmọ òun, a dáhùn pé a gbọ́, a jẹ obì, a lọ sílé. Kò sí ẹni tó ronú nínú wa pé ìlérí yẹn náà nílò kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀.

Ọmọ ìyá náà gbé fíláàṣì padà wá sí Ìdó nígbà tó wá kó ẹrù ìyá rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí Nọ́ọ̀sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó bá rántí fún òun. Mo bẹ̀rù. Mo rò pé yóò jẹ́ ìyà fún àwọn méjèèjì. Àmọ́ wọ́n jókòó síta lábẹ́ òjìji, lọ́sàn-án gangan, ẹ̀gbọ́n mi sì sọ̀rọ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń ṣì í, ó ń fi ọwọ́ ṣe àpèjúwe. Ó fi ọwọ́ hàn án bí àwọn ọmọ tó ṣáájú ṣe kéré tó. Ó di ìka ara rẹ̀ mú pinpin, ó nawọ́ sí obìnrin náà, ó ní, "Ìwọ. Ìwọ dì... dì mú." Ó pẹ́ kí ó tó yé wa pé ìyá náà ti sọ pé nígbà tí òun bí èyí tó dúró, ó di ìka òun mú, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni òun ti mọ̀ pé kò ní lọ. Obìnrin náà sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín.

Lójú ọ̀nà ibi tí yóò ti wọkọ̀, ó bi mí pé, "Ẹ ní ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n parí. Kí lẹ gbọ́?"

Mo ní wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rín báwo?"

Mo ṣàlàyé rẹ̀, pé ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, pé ó gun òkè, pé ikọ́ ló parí rẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n rín in fún òun. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọlọ́kadà ń wò wá, mo sì gbìyànjú rẹ̀. Ẹ̀rín tèmi ló jáde. Ó ní ẹ ṣé o, ó wọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò parí ìwé náà. Ilé ìwé fún un láyè títí, ọjọ́ ń lọ, mo bá a kọ̀wé pé ó ti fi í sílẹ̀. Ohùn gbogbo àwọn obìnrin náà ló wà nínú àpótí yẹn, kì í ṣe ti ìyá Ayégbajú nìkan, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti kú báyìí. N kò mọ bóyá àwọn náà ní ọmọ tí wọ́n sọ nǹkan kan fún. Bí mo bá ń ṣe àdúrà, mo máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn fíláàṣì náà wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

Ní Iléyá tó tẹ̀ lé ìyẹn, ọmọ ìyá Ayégbajú gbé ẹran wá fún ẹ̀gbọ́n mi láti Ìbàdàn. Ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ láàrin wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì bọ́ ọmọ náà ní ìrẹsì, ọmọ náà da púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Nígbà tí ó tó àkókò láti máa lọ, obìnrin náà kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi pé ó dàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kan fún un, ó gbìyànjú títí, ọ̀rọ̀ náà kò wá. Obìnrin náà ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, Mọ́mì. Mo ti gbọ́." Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì ń lọ.